Ẹ Má Tíì Ta Adìẹ Dúdú Náà

Lónìí, ẹ jẹ́ kí a jáde kúrò ní ilé ìdáná, kí a bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí apá kan ilé ni ẹ̀yìnkùlé jẹ́. Ọ̀rọ̀ adìẹ alámì tótòtó ni mo fẹ́ bá yín sọ: bí a ṣe lè sìn ín kí àwọ̀ rẹ̀ má baà parẹ́, àti àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe kí n tó mọ ọ̀nà.

Ìyá tí ó bí ìyá mi fẹ́ràn adìẹ sísìn púpọ̀. Ní abúlé wọn, kò sí ẹni tí kò mọ adìẹ Ìyá Àgbà. Dúdú ni wọ́n, ṣùgbọ́n àmì funfun kékeré kan wà ní ṣóńṣó ọ̀pọ̀ nínú ìyẹ́ wọn, bí ẹni pé ẹnì kan fi ìka kan ẹfun, tí ó sì fi tọ́ wọn lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí oòrùn bá tàn sí wọn, ara wọn a máa rí wínníwínní. Ẹlẹ́tù ni Ìyá Àgbà máa ń pè wọ́n, nítorí wọ́n jọ ẹyẹ ẹtù, ẹyẹ kan náà tí àwọn àgbà sọ pé a fi sọ orúkọ aṣọ òfì aláró wa.

Nígbà tí Ìyá Àgbà jáde láyé ní ọdún 2019, púpọ̀ nínú adìẹ náà ni a pa fún àwọn àlejò ìsìnkú. A ta àwọn mìíràn. Àkùkọ kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù. Mo bẹ ìyá mi kí wọ́n fún mi, mo sì gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé wa nínú apẹ̀rẹ̀. Mo ra abo adìẹ dúdú mẹ́rin lọ́jà, mo kó wọn sọ́dọ̀ àkùkọ náà, mo sì ń retí ẹlẹ́tù.

Wọ́n yé ẹyin, wọ́n sàba, wọ́n sì pamọ. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó yè tí ó sì hu ìyẹ́. Dúdú ni gbogbo wọn. Kò sí ẹyọ kan tí ó ní àmì.

Ìyá mi wá kí wa ní àkókò náà. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, wọ́n wo àwọn adìẹ náà títí, wọ́n sì ní: “Àdùkẹ́, àwọn abo adìẹ tí o rà lọ́jà yìí ni kò dára. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti pa ti adìẹ ìyá mi rẹ́. Tà wọ́n, kí o fi owó rẹ̀ ra nǹkan fún àwọn ọmọ.”

Mo ní: “Ó jọ bẹ́ẹ̀ o, Màmá.”

Nígbà tí Kérésìmesì dé, mo ta mẹ́rìndínlógún nínú wọn. Abo méjì àti akọ kan ni ó ṣẹ́kù, nítorí pé wọ́n kéré, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ san owó gidi lé wọn. Kò pẹ́ tí ọyẹ́ mú gan-an ni àrùn wọ àdúgbò wa. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, àkùkọ Ìyá Àgbà kú, àwọn abo adìẹ mẹ́rin náà sì kú tẹ̀ lé e. Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ pàdánù abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, n kò fún adìẹ ara mi ní àjẹsára kankan. Àwọn dúdú kékeré mẹ́ta nìkan ni Ọlọ́run yọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìgbà tí mo ń ròyìn rẹ̀ fún alábàáṣiṣẹ́ mi kan, obìnrin tí ó ń kọ́ni nípa ẹran ọ̀sìn, ni ó sáré dá mi dúró. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta mẹ́ta yẹn o. Ẹlẹ́tù yín kò tíì parẹ́. Inú àwọn dúdú yẹn ni ó wà.”

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹ bu ẹ̀wà pupa díẹ̀ àti ẹ̀wà funfun díẹ̀ sórí tábìlì. Ẹ fi ẹ̀wà pupa dúró fún àwọ̀ dúdú tí kò ní àmì, kí ẹ sì fi ẹ̀wà funfun dúró fún àmì tótòtó.

Olúkúlùkù adìẹ ni ó ru ẹ̀wà méjì lára: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba rẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí òun náà bá fẹ́ bímọ, ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni yóò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n pupa ni ó máa ń borí. Adìẹ tí ó bá ní pupa méjì, dúdú ni. Èyí tí ó bá ní pupa kan àti funfun kan, dúdú náà ni, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin wọn. Àfi èyí tí ó bá ní funfun méjì nìkan ni àmì yóò hàn lára rẹ̀.

Àkùkọ Ìyá Àgbà ní funfun méjì. Àwọn abo adìẹ tí mo rà lọ́jà ní pupa méjì. Nítorí náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba funfun kan láti ọ̀dọ̀ baba àti pupa kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Dúdú ni gbogbo wọn fi jáde, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò gbé ẹ̀bùn Ìyá Àgbà pamọ́ sára. Gbogbo mẹ́rìndínlógún tí mo tà fún ọbẹ̀ Kérésìmesì ni ó gbé e.

Bí irú adìẹ bẹ́ẹ̀ méjì bá wá bí ọmọ, ọ̀nà mẹ́rin ni ó ṣí sílẹ̀: pupa lọ́dọ̀ méjèèjì, pupa lọ́dọ̀ baba pẹ̀lú funfun lọ́dọ̀ ìyá, funfun lọ́dọ̀ baba pẹ̀lú pupa lọ́dọ̀ ìyá, àti funfun lọ́dọ̀ méjèèjì. Nínú ọmọ mẹ́rin, a lè retí ẹyọ kan tí yóò ní àmì. Ìrètí lásán ni o, kì í ṣe ìlérí. Ọmọ mẹ́rin lè jáde kí ọ̀kankan má ní àmì, méjì sì lè ní in. Ìgbà tí ọmọ bá pọ̀ ni ìṣirò náà máa ń sún mọ́ òótọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Gregor Mendel, ẹni tí ó jẹ́ àlùfáà, ni ó fi ewéko pòpòǹdó kan tí a ń pè ní pea rí òfin náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1866. Ní ọdún 1902 ni William Bateson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ogbe orí adìẹ hàn pé òfin kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ lára ẹran. Adìẹ ẹ̀yìnkùlé wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ ńlá yìí.

Mo fi akọ kékeré náà sọ́dọ̀ abo méjèèjì. Ní ọdún 2020, ọmọ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n pa. Mẹ́tàlá yè. Nígbà tí ìyẹ́ wọn kún, mẹ́ta nínú wọn ní àmì funfun ní ṣóńṣó ìyẹ́, gẹ́gẹ́ bí ti Ìyá Àgbà.

Ẹ̀bi àgbébọ̀ kọ́

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ìyá mi dá àwọn abo adìẹ lẹ́bi, èmi náà sì gbà. A kò rò ó wò rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣe máa ń rí nínú ilé wa nígbà púpọ̀. Bí ọmọ bá jọ ẹni tí a kò retí, ìyàwó ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Mo ti rí ìyá tí ó bí ọmọ àfín, tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ sì fi ọ̀rọ̀ gún un títí ó fi ń sunkún. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ń fa àfín kì í sábà hàn nínú ọmọ àyàfi tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ìyá àti baba wá, tí ó farapamọ́ sára àwọn méjèèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí àlè níbẹ̀. Ọmọ ènìyàn kì í ṣe adìẹ, n kò sì fi wọ́n wé ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ẹ̀wà méjì yìí ṣe ìṣirò lórí tábìlì rẹ̀ kò ní yára nawọ́ sí obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹni tí ó bá fẹ́ sin adìẹ alámì, kí ó tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí.

Èkíní, ẹ yan àkùkọ tí ara rẹ̀ le kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀. Kí ojú rẹ̀ mọ́, kí ogbe rẹ̀ pọ́n, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́, kí ó sì máa jẹun dáadáa. Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ìyẹ́ tí ó lẹ́wà lè bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e dání, kí ẹ fọwọ́ kan igbá àyà rẹ̀ bóyá ẹran wà níbẹ̀, kí ẹ sì yẹ abẹ́ apá rẹ̀ wò bóyá iná wà níbẹ̀.

Èkejì, ẹ mọ̀ pé bí adìẹ alámì bá ti ń pa ìyẹ́ dà lọ́dọọdún, funfun ara rẹ̀ a máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí àmì rẹ̀ kéré tí ó sì mọ́ ni kí ẹ yàn láti fi bímọ. Èyí tí funfun ti bò ní kékeré lè di funfun ju bí ẹ ti fẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹta, àkùkọ kan tó fún abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Kí àkùkọ mìíràn má sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí àwọn abo náà bá ti wà pẹ̀lú àkùkọ mìíràn tẹ́lẹ̀, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó kó ẹyin wọn jọ fún sísàba, nítorí pé irú àkùkọ àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí, tí wọ́n sì ń bi ara wọn pé níbo ni ọmọ àjèjì ti wọlé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa kó ẹyin lójoojúmọ́. Ẹ tò wọ́n sí ibi tútù tí oòrùn kò dé, kì í ṣe inú fíríìjì, kí ẹnu ṣóńṣó wọn kọ sísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹyin mẹ́wàá sí méjìlá tó fún àgbébọ̀ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún, ẹ óò gbọ́ igbe òròmọdìẹ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣe àmì sí wọn lára. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ni, tí wọ́n máa ń so àkísà pupa tàbí àwọ̀ mìíràn mọ́ adìẹ kí tiwọn má baà dà pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Ẹ fi òwú àwọ̀ kan so àwọn ọmọ ìyá kan, kí ẹ fi àwọ̀ mìíràn so ti ìyá kejì. Ẹ má so ó le jù, kí ẹ sì máa tú u bí ẹsẹ̀ wọn bá ń tóbi sí i. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ọjọ́, iye ẹyin, iye ọmọ àti àwọ̀ wọn sí i. Ìwé tí kò tó nǹkan yìí ni n kò ní ní ọdún 2019.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má fi òròmọdìẹ ṣe ìdájọ́. Òròmọ dúdú lè ní funfun ní ikùn àti ní apá, kí ó sì di dúdú pátá nígbà tí ó bá dàgbà. Ẹ dúró kí ìyẹ́ àgbà jáde.

Ẹ̀keje, ẹ má jẹ́ kí ìbátan máa gun ìbátan láti ọdún dé ọdún. Dandan ni ó jẹ́ fún mi ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí mẹ́ta ni mo ní. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹyin kì í pa dáadáa mọ́, ọmọ a sì máa lẹ. Ẹ bá obìnrin mìíràn tí ó ní adìẹ alámì ṣe pàṣípààrọ̀ àkùkọ. Alámì tí ó bá gun dúdú tí ó gbé àmì pamọ́ yóò fún yín ní ìdajì ọmọ tí ó ní àmì. Alámì méjì, bí irú àmì kan náà bá ni tiwọn, alámì ni gbogbo ọmọ wọn yóò jẹ́. Àwọn ọmọ tí kò ní àmì kò burú. Ẹyin wọn àti ẹran wọn kò yàtọ̀ nínú ìkòkò.

Ní ti àrùn, àrùn Newcastle, irú èyí tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú, lè gbá ẹ̀yìnkùlé mọ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ lọ bá dókítà ẹran kí ọyẹ́ tó dé. Bí ó bá fún yín ní àjẹsára tí a ń pò mọ́ omi mímu, ẹ gbé e délé nínú yìnyín, kí ẹ sì lo omi òjò tàbí omi kànga tí ó mọ́. Kẹ́míkà tí a fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ máa ń ba àjẹsára náà jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan tàbí méjì ní òwúrọ̀, kí òùngbẹ lè mú kí gbogbo wọn mu ún.

Abilà àti aṣa

Ẹ má ṣe da alámì tótòtó pọ̀ mọ́ abilà, èyí tí ìlà dúdú àti funfun dábùú ìyẹ́ rẹ̀. Ìlà yìí kì í farapamọ́, ó sì ń bá akọ àti abo rìn ní ọ̀nà ọ̀tọ̀. Bí àkùkọ dúdú tí kò ní ìlà bá gun abo abilà, gbogbo ọmọkùnrin yóò ní ìlà bí ti ìyá, gbogbo ọmọbìnrin yóò sì wà láìní ìlà bí ti baba. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pa gan-an, òròmọ dúdú tí ẹ bá rí àmì funfun ní àtàrí rẹ̀, akọ ni. Èyí tí kò ní in, abo ni. Ìmọ̀ yìí ni àwọn tí ń pa òròmọ púpọ̀ fi ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo láti ọjọ́ kìíní. Ìyá ilé náà lè lò ó.

Ní ti adìẹ aṣa, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ yí sẹ́yìn, ó lẹ́wà, ooru kì í sì í mú un púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi aṣa gun aṣa. Nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn ni ìyẹ́ rẹ̀ yóò máa ṣẹ́ tí ara rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò. Adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ gún ni kí ẹ fún un.

Kí ni èrè rẹ̀?

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni mo ń fi àkókò yín ṣòfò lé lórí. Rárá o. Adìẹ ìbílẹ̀ wa ti gbé pẹ̀lú oòrùn wa, ó mọ bí a ti ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, ó ń sàba, ó sì ń tọ́ ọmọ. Eèrí ògì, ìpẹ́pẹ́ oúnjẹ àti ikán ló fi ń gbé ara ró. Bí a bá ń ta gbogbo rẹ̀ tí a sì ń fi adìẹ ilé-iṣẹ́ nìkan rọ́pò rẹ̀, ohun tí ó ń lọ kò ní padà. Àwọn onímọ̀ náà mọ iyì rẹ̀. Ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀, obìnrin bíi tiwa, ni ó ṣe olórí àwọn tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àṣàyàn láti inú adìẹ ìbílẹ̀, títí wọ́n fi mú adìẹ FUNAAB Alpha jáde, èyí tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2018. Bí kò bá sí adìẹ abúlé, kí ni wọn ìbá fi bẹ̀rẹ̀?

Mo gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́tù mẹ́ta náà, àkùkọ ni, lọ fún ìyá mi. Wọ́n gbà á, wọ́n fi ọwọ́ pa ìyẹ́ rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù, wọn kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní: “Níbo ni o ti rí i?”

Mo ní: “Màmá, lára àwọn dúdú tí ẹ ní kí n tà ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: “Ìyá mi ìbá ti sọ fún mi, ká ní mo bi wọ́n.”

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí Ìyá Àgbà rẹ̀ ṣì wà láyé, tí ó sì ní adìẹ aláràbarà lẹ́yìn ilé, kí ó lọ bi í léèrè nísinsìnyí. Kí ó bá a mú akọ kan àti abo méjì tàbí mẹ́ta pamọ́ kí ìnáwó kan tó dé. Bí àkọ́pa bá sì jáde ní dúdú, ẹ ní sùúrù, ẹ ka ẹ̀wà yín lórí tábìlì, kí ẹ sì dúró de ìran kejì.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé gbogbo wa tòrò.